Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ebè Nídìí Igi Oṣè

Nígbà tí Àdìjátù kọ́kọ́ rí Gbádébọ̀, inú omi ni ọmọkùnrin náà wà títí dé ìbàdí. Ó fi àkísà gba tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, ó na ọ̀kọ̀ sókè, ó sì ń bá ẹja ṣàròyé bí ẹni pé ẹja ló gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Àrọ̀, ẹ jáde lábẹ́ òkúta yẹn. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ lọ sùn."

Ìgbà ẹ̀rùn ni, ọdún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Fẹ́sítáàkì ní Èkó. Odò Òfìkì ti fà, àwọn àrọ̀ ńláńlá ti kó sínú ibú, òru nìkan sì ni wọ́n ń jáde wá jẹun. Àdìjátù àti ìyá rẹ̀ ló ń yan ẹja tà ní Ìwéré-Ilé. Ohun tó gbé e dé etí odò kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà nìyẹn.

"Ṣé ẹ ń pa ẹja ni, àbí ẹ ń kí i?" ló bi í.

Gbádébọ̀ yíjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, ó sì pòórá sínú omi. Nígbà tí yóò fi yọrí, àrọ̀ kan tó tóbi tó itan ènìyàn ló gbá mọ́ àyà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí ó ṣe mú un.

"Tìẹ nìyí," ló wí, omi ń ro ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìwọ lo lé e jáde."

Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ń fi oríkì pè é.

"Àwẹ̀ró, ojú rẹ mọ́ ju tọ́ọ̀ṣì mi lọ."

"Pa tọ́ọ̀ṣì náà ná, ká wò ó."

Bàbá Àdìjátù, Ràmọ́nì, ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn. "Ọkùnrin tó ń fi ọ̀sán sùn? Ṣé àrọ̀ ni yóò máa bá a kọ ebè ni?" Mùstàfá ló wà lọ́kàn tirẹ̀, ọmọ Yẹ̀kínì tí oko wọn jọ pààlà. Àdìjátù bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn, ó ní kí Gbádébọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún òun bí gbogbo àna ti ń ṣe: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ebè, kó tó di ìrun Jímọ̀. "Bí mi ò bá bá a níbẹ̀, Mùstàfá ló ni ẹ́."

Àdìjátù fúnra rẹ̀ ló júwe oko. "Bí o bá ti dé ìdí igi oṣè, ti ọwọ́ ọ̀tún ni ti bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún, Gbádébọ̀. Tún un sọ."

"Ọwọ́ ọ̀tún, Àwẹ̀ró mi."

Ohun tí kò wá sọ́kàn àwọn méjèèjì ni pé ọ̀nà ìlú ni ará ìlú ń gbà lọ sóko, etí odò sì ni apẹja ń gbà bọ̀. Lóru Alámìísì mọ́jú Jímọ̀, Gbádébọ̀ àti apẹja mẹ́sàn-án gbé ọkọ́ jáde lódò, tọ́ọ̀ṣì lórí gbogbo wọn. Wọ́n dé ìdí oṣè láti ẹ̀yìn. Wọ́n yà sí ọ̀tún.

Ilẹ̀ mọ́, Ràmọ́nì àti Àdìjátù wá wò ó. Oko Ràmọ́nì wà gbalasa. Lódìkejì, ebè tò lọ rẹrẹ lóko Yẹ̀kínì, bàbá náà sì ń rìn láàrin wọn, orín lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Mùstàfá àti àwọn àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e.

"Ọlọ́run Ọba ló ṣe é," ni Yẹ̀kínì wí.

Àdìjátù wo Gbádébọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ bò ó dé etí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó sì ń tòògbé lórí ìdúró.

"Ọ̀tún náà ni mo yà," ló wí.

"Ọ̀tún ta ni? O rí àrọ̀ lábẹ́ òkúta lóru, o kò rí oko gbàràmù-gbaramu." Ó fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ tó bó fún un, kò mọ èyí tí òun ìbá kọ́kọ́ ṣe.

"Ó parí," ni Ràmọ́nì wí. "Mùstàfá ló ni í."

Inú bí Àdìjátù débi pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ó sọdá ààlà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Yẹ̀kínì.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀."

"Bàbá ẹ ń bẹ lọ́hùn-ún."

"Rárá o. Ẹni tí wọ́n bá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún ni bàbá ìyàwó. Ẹ̀yin ni wọ́n ṣe é fún. Mò ń lọ kó ẹrù mi wá sílé yín, ẹ̀yin lẹ óò fà mí fún ọkọ, ẹ̀yin lẹ óò ra ẹrù ìyàwó. Mùstàfá ti di ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ṣé ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ àbúrò rẹ̀ ní Ìwéré-Ilé ni?"

Orín jábọ́ lẹ́nu Yẹ̀kínì. "Èmi ò gba ọ̀wẹ̀ kankan."

"Ebè ta wá ni ẹ ń rìn yọ̀ láàrin ẹ̀ láti àárọ̀?"

Yẹ̀kínì wo ebè, ó wo Ràmọ́nì. Bó bá gbà á, ó di bàbá ìyàwó. Bó bá kọ̀ ọ́, àfi kó dá a padà. Ó mí kanlẹ̀.

"Mùstàfá, gbé ọkọ́. Ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ni yóò kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sóko Ràmọ́nì, lórúkọ apẹja yìí, kí wọ́n tó pèrun."

Ràmọ́nì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. "Gbádébọ̀, mo gbà. Àmọ́ má dá rìn lórí ilẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí ọmọ mi máa mú ọ lọ."

Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀ kó dúpẹ́. Kò dìde. Oorun ti gbé e lọ.

Wọ́n so yìgì wọn kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Lóru ọjọ́ kẹjọ, Àdìjátù ká ìró dé orúnkún, ó bá ọkọ rẹ̀ wọ odò, òun ló mú tọ́ọ̀ṣì dání.

"Ó wà níbẹ̀ yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọwọ́ ọ̀tún."

Gbádébọ̀ na ọ̀kọ̀, ó sì dúró. "Ọ̀tún tèmi ni, àbí tìẹ?"

Àdìjátù wo ojú ọ̀run. "Máa bọ̀ níbí, jàre. Ibi tí mo bá kọjú sí ni kí o máa kọjú sí."

Ó wọ́dò kọjá wá dúró tì í, èjìká kan èjìká, wọ́n sì jọ kọjú sí ibì kan náà.

Ẹja ti lọ tipẹ́.