Akoto Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fọ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ńṣe ni àwọn panápaná ń tú omi sókè bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ń jóná.

Rédíò ọ̀gá wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Òfin tuntun ti jáde. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ bá mú panápaná tàbí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì, kò ní í máa wá ẹ̀rí kiri mọ́ pé iṣẹ́ ló kó o ràn án. Iṣẹ́ ni wọn yóò kà á sí. Wọn yóò tọ́jú rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní í dúró.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni ọ̀gá wọn wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ní ikọ́ wa ti di ikọ́ ìjọba."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ẹnì kan dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe. "Kí ìjọba wá máa bá wa wú u."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n fa rọ́bà omi jáde. Ẹni tó gbé e gun orí ọkọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Èédú, nítorí pé akoto rẹ̀ dúdú ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń jó, ó ń kọ orin tí kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì ń yí ẹnu rọ́bà náà kiri. Kò rí i pé ọkọ̀ pàjáwìrì ilé ìwòsàn ti yà wọlé lẹ́nu géètì, tí fèrèsé rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Omi náà wọlé tààrà.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ọmọbìnrin kan sì sọ̀kalẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rin gbindingbindin, omi ń kán tótó láti àgbọ̀n rẹ̀. Bándéèjì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ti tú, tí ó ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀. Oòrùn mú gbogbo ẹ̀kán omi tó wà lára rẹ̀, ó ń dán yinrin. Èédú gbàgbé láti ti omi pa.

"Ta ló ṣe èyí?"

Gbogbo ìka nà sí orí ọkọ̀. Àwọn tó ń bá a jó tẹ́lẹ̀ ti ń wo ibòmíràn.

"Èmi ni. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Àmọ́ mo ṣì ń rí iná lójú yín. Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un?"

Ọmọbìnrin náà gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́. "Akoto orí yín ni kí ẹ fi í fọ̀. Ìdí ìkòkò mọ́ jù ú lọ."

"Háà, oyè mi mà nìyẹn. Akoto tó bá mọ́, akoto ọ̀lẹ ni."

Ẹ̀rín tó fẹ́ yọ kú sí i lẹ́nu. Ó wo akoto náà, ó wò ó pẹ́. "Bàbá mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì wọlé lọ kí ọ̀gá wọn kú oríire, nítorí ohun tó gbé e wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà bá Èédú délé. Ó bá a wẹ̀, ó bá a jẹun. Nígbà tó sinmi iṣẹ́, ó ra bándéèjì tuntun kan, ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó sì bá ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń nu inú ọkọ̀ rẹ̀.

"Mo mú bándéèjì wá. Èyí gbẹ."

"Ta ló sọ fún yín pé bándéèjì tán nílé ìwòsàn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ohun tí màá bá wọlé ni mò ń wá."

Ẹ̀rín tó ti há sí i lẹ́nu láti ọjọ́ yẹn wá jáde wàyí, ó sì jáde tòun tohùn. Láti ọjọ́ náà, Bándéèjì ni Èédú ń pè é, òun náà kò sì pè é ní ohun mìíràn ju Èédú lọ.

Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, Bándéèjì sì sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún un. Panápaná ni. Bó bá ti ń tibi iná bọ̀, tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ jù sókè, tí yóò sì hán an. Ọmọ náà dàgbà, ó rò pé òórùn èéfín ni òórùn gbogbo bàbá. Nígbà tí ikọ́ dé, wọ́n ní kí ó fi ẹ̀rí hàn. Wọ́n ní nínú gbogbo iná tó ti pa láyé rẹ̀, kí ó tọ́ka sí èyí tó ṣe é.

"Ó ṣì ń ronú iná tó jẹ́ nígbà tó kú," ni ó wí. "Èéfín kì í bá iná kú, Èédú. Ara ẹ̀wù àti akoto ló máa ń lẹ̀ mọ́, a ó sì gbé e wálé fún ara wa."

 Nígbà tí ilé iṣẹ́ káfíńtà kan gbiná lọ́sẹ̀ náà, akoto ofeefee kan sáré sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ panápaná, ó mọ́ fónífóní bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

"Ta ni àlejò yìí?" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi ara wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ìfẹ́ ló bá a ra ọṣẹ."

Bándéèjì gbọ́ ọ níbi tó dúró sí. Ó yí ojú sápá kan, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé wọ́n fún un ní ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe ń dàgbà, lẹ́bàá iná. Èédú ni yóò gbé ènìyàn jáde, Bándéèjì ni yóò gbà á. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, Bándéèjì yóò fi aṣọ tútù nu èéfín kúrò lọ́rùn Èédú. Èédú yóò ní, "Rọra, awọ nìyẹn o." Bándéèjì yóò ní, "Mo rò pé èédú ni."

Nígbà tí Èédú bi í bóyá yóò fẹ́ òun, Bándéèjì ní, "Màámi ni kí o lọ bá."

Aránṣọ ni ìyá náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Lókè àga rẹ̀, lórí ìṣó kan, akoto bàbá ń bẹ níbẹ̀, ó dúdú bó ṣe wà lọ́jọ́ tó bọ́ ọ kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aṣọ kàn án.

"Ẹ káàsán, mà," ni Èédú wí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Panápaná ni mí, mà."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Mo ti ṣe ìyàwó panápaná rí," ni ìyá wí. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì mú kí ó le. "N kò ní í ṣe ìyá ìyàwó panápaná."

Èédú fẹ́ fèsì, ikọ́ ló jáde. Ó bo ẹnu, ó tún wú u lẹ́ẹ̀kejì, ikọ́ náà gbẹ, ó jìn.

Ìyá gbé ojú sókè kíá. "Láti ìgbà wo?"

"Òtútù lásán ni, mà."

"Òtútù lásán ni òun náà pè é."

Bándéèjì bá a jáde dé ìta. Níbẹ̀ ló ti dúró. "Lọ ṣe àyẹ̀wò àyà."

"Bí wọ́n bá rí nǹkan ńkọ́? Wọn á gba akoto lórí mi. Kí ni màá wá jẹ́?"

"O gun orí ọkọ̀ jó nítorí òfin yìí. Ta lo rò pé wọ́n ṣe é fún?"

"Àwọn àgbà wa tó ń ṣàìsàn."

"Ẹni tó ṣì lè yè ni wọ́n ṣe é fún." Omi lé ròrò sí i lójú. "Mo ti sin panápaná kan. N kò ní í bá ọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tí o bá lọ, o mọ ilé wa. Tí o kò bá lọ, má ṣe wá mọ́."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Níbi iná, Bándéèjì gba aláìsàn lọ́wọ́ Èédú láìwo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nu ọrùn rẹ̀ fún un. Níkẹyìn, Èédú pa dà sí ilé aránṣọ náà ní òun nìkan, nígbà tó mọ̀ pé Bándéèjì wà níbi iṣẹ́.

"Ẹ má lé mi, mà. N kò wá fẹ́ ìyàwó lónìí. Ẹ sọ bí ikọ́ bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi."

Ìyá fa àga kan fún un. "Jókòó."

Ó sọ ọ́ fún un. Ọkọ òun kò bẹ̀rù iná rí. Yóò wọ ilé tó ń wó lulẹ̀, yóò sì máa súfèé jáde. Yàrá funfun nílé ìwòsàn nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó lọ, yóò ní ó di ọ̀la.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Èédú wo ilẹ̀. "Yàrá funfun, mà."

Ìyá pa ẹ̀rọ, ó gbé bàtà wọ̀, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó mú ọmọ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Gbéra. Èmi ló máa mú ọ dé ibẹ̀."

Bí Bándéèjì ṣe ń ti ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀, ohun tó rí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn dá a dúró. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, akoto ofeefee lórí itan rẹ̀, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ.

"Màámi, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo ń dúró de ọmọ mi. Ó wà nínú."

Ilẹ̀kùn ṣí. Èédú jáde, dókítà tẹ̀ lé e. Èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ni dókítà wí, àmọ́ kò tíì rìn jìnnà. Ìtọ́jú wà. Òfin tuntun ni yóò gbé ìnáwó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé iná wo. Kò gbọdọ̀ wọ inú èéfín mọ́. Yóò máa wa ọkọ̀, yóò sì máa kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́.

 Bándéèjì bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fò mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo nọ́ọ̀sì.

"Wọ́n ti sọ mí di awakọ̀," ni Èédú wí sí i létí. "Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

"Màámi ni kí o bi."

Ìyá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ìyá ìyàwó panápaná ni mo ní n kò ní í ṣe. Mi ò sọ nǹkan kan nípa awakọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn, ìyá gun àga, ó sì sọ akoto dúdú náà kalẹ̀ lórí ìṣó. Ó gbé e dé imú. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ilé bá dá.

"Òórùn rẹ̀ ni n kò fẹ́ kó lọ," ni ó wí. "Àmọ́ ọmọ yóò wọ inú ilé yìí lọ́jọ́ kan. Kò ní í fi èéfín mọ bàbá àgbà rẹ̀."

Ó gbé abọ́ omi àti ọṣẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Èédú ń bu omi sí i.

"Rọra tú u o," ni Bándéèjì wí. "A mọ̀ ọ́."

Omi àkọ́kọ́ dúdú bí tàdáwà. Èkejì rí bí eérú. Ìyá ń fọ̀ ọ́ lọ, ó ń fi ìka wá inú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, omijé rẹ̀ ń kán sínú omi ọṣẹ, kò sì nù ún. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ kan yọ jáde lábẹ́ ìfófòó.

"Pupa ni?" Bándéèjì kúnlẹ̀ tì í. "Mi ò mọ̀ rí pé pupa ni."

"Pupa ni," ni ìyá wí. "Bàbá rẹ rẹwà nínú rẹ̀."

Ó fi aṣọ funfun nù ún gbẹ, ó sì gbé e sórí odi nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jẹ́ ofeefee.