Ta Ló Sọ̀ Kalẹ̀ Látorí Òkè?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ́yẹni tó ṣojú ẹ̀ ṣì wà láàyè, kì í sì í ṣe onírọ́. Àdúgbò Gulfton, ní Houston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni òun àti Lérè ọkọ rẹ̀ ń gbé nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1984.

Ìlú Houston tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ń wá òkè níbẹ̀, àfi kó gun afárá freeway. Ọmọ Ìdànrè ni Lérè, òkè ń bẹ lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ tí kò gùn rí. Kò ro ti òkè gígùn, àfi ìgbà tí Mákánjúọlá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Westchase, ní kí àwọn lọ gun òkè oníyìnyín ní Colorado. Ọmọ́yẹni bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Tó bá ti le, yí padà. Má wo ojú ẹnikẹ́ni." Lérè rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, Ọmọ́yẹni ń dáná lọ́wọ́, ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Lérè wọlé. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù ló wọ̀ nínú ooru oṣù kẹjọ, kò sì làágùn.

"O ti dé?"

"Mo yí padà. Èémí wọ́n lókè yẹn."

Inú Ọmọ́yẹni dùn débi pé kò rántí bi í bó ṣe tètè dé. Ó gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀. Lérè ń jẹun. Abọ́ kò ró. Ìgbà náà ni tẹlifóònù dún ní pálọ̀.

"Ọmọ́yẹni, èmi ni."

Ohùn Lérè ni.

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí òkè ni. Orí ń fọ́ mi. Mákánjúọlá ní ká tún gòkè lọ́la. I don't know o. Kí lo rò?"

Ó gbọ́ Mákánjúọlá lẹ́yìn rẹ̀: "Tell your madam say fear don catch you."

Ọmọ́yẹni yọjú wo kíṣìnnì. Lérè ṣì jókòó, ó kẹ̀yìn sí i. Nílé, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà, ẹni tó kú síbì kan tó tún lọ ń gbé níbòmíràn. Ṣùgbọ́n èwo ló kú níbí? Ṣé ẹni tó ń jẹun ni, àbí ẹni tó ń pè? Bó bá ní kí ti orí fóònù gòkè, tó sì jẹ́ pé ìyẹn gan-an lọkọ òun ńkọ́? Bó bá ní kó máa bọ̀, kí ló ń pè wọlé yẹn?

Ó rọra bi ti orí fóònù pé, "Kí ni ìyá ẹ máa ń pè mí?"

"Adúmáadán."

Ní kíṣìnnì, ohùn kan náà sọ ọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé o wà níbẹ̀? Kí n gòkè ni, àbí kí n máa bọ̀?"

Ọwọ́ tó wà nínú abọ́ dúró. Òun náà ń retí èsì.

Ẹkún gbọ̀n Ọmọ́yẹni. "Máa bọ̀ nílé, Lérè. Jọ̀ọ́."

"Ó dáa," ni àwọn méjèèjì wí. Fóònù já.

Lérè inú kíṣìnnì dìde, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé."

"Ibí yìí ńkọ́?"

Ó wo ògiri, ó wo Ọmọ́yẹni. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ṣìnà, àánú rẹ̀ sì ṣe obìnrin náà débi pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn.

"Èmi náà ò mọ̀," ó wí. "Ìwọ lo ní kí n máa bọ̀."

Ó jáde sínú oòrùn. Kí Ọmọ́yẹni tó dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnikẹ́ni níta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹnìkan ń bọ̀, òun ló sì pè é. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò mọ̀ bóyá kí òun tì í, tàbí kí òun ṣí i sílẹ̀.