Itọ́ Ẹnu Rákẹ́lì

Láyé ìgbà tí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àkókó, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ọ̀kà, Rákẹ́lì ń ka ohun tó wà lára síléètì rẹ̀ sókè nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣàdédé dákẹ́. Síléètì já bọ́. Kí Ìbíyínká, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó bojú wẹ̀yìn, ọmọ náà ti wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Ìbíyínká mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Rákẹ́lì ti fọ̀rọ̀ náà hàn án lójú odò rí: "Bí wárápá bá gbé mi, má sá. Yí mi sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì gbé ohun líle kúrò lẹ́bàá orí mi. Yóò lọ fúnra rẹ̀." Ìbíyínká sì ti ṣèlérí.

Ó nawọ́. Ni Rufus, tó dàgbà jù ní kíláàsì, bá sọ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bí itọ́ yẹn bá kàn ọ́, ìwọ náà ti kó o nìyẹn. A ò ní bá ọ jẹun mọ́."

Ìbíyínká fawọ́ sẹ́yìn. Ó dìde, ó bá Rufus àti àwọn ọmọ yòókù sá jáde. Láti ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ bí orí Rákẹ́lì ṣe ń gbá ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Tísà Ezekiel ló sáré dé láti oko ilé-ẹ̀kọ́. Ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, ó ká aṣọ sí i lábẹ́ orí, ó sì fi ọwọ́ lásán nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ náà rọ̀, ó pe àwọn yòókù wọlé, ó na ọwọ́ náà sí wọn.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Irú itọ́ yìí ti kàn mí láìmọye ìgbà. Wárápá kì í ran ènìyàn. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Ẹ má ki nǹkan bọ ẹni tó ní in lẹ́nu, ẹ má sì fi í sílẹ̀."

Rufus tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ Rufus ti kárí ọjà, àwọn ìyá sì ti ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má bá Rákẹ́lì mu omi nínú akèrègbè kan náà.

Oyèbọ̀dé, bàbá Rákẹ́lì, ní òun ń mú ọmọ òun lọ sí oko lọ́nà Ìfira. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tísà lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìbíyínká tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ jẹ́ kó padà wá. Ẹ̀gbẹ́ mi ni yóò máa jókòó sí."

Ọkùnrin náà kò bínú. "Ọmọ mi, níbo lo wà nígbà tó ṣubú?"

Ìbíyínká fèsì pé, "Ẹ̀rù ló bà mí, Baba."

"Èmi náà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú un lọ."

Rákẹ́lì jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kí Ìbíyínká bí ẹni ń kí àlejò, ó sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Ìbíyínká wà lórí eékún rẹ̀, kò rí ohun kan ṣe sí i.

Láti ọdún náà, Tísà Ezekiel ń kọ́ àwọn ọmọ nípa wárápá, ní Ọ̀kà àti ní Ìkàrẹ́. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́, wọ́n sì yí padà. Rákẹ́lì kò padà wá.

Wárápá kì í ràn. Ìbẹ̀rù ẹnu ayé ló ń ràn. Ìmọ̀ tí a kò lò lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn nílò rẹ̀ kò sàn ju àìmọ̀ lọ.