Alágbẹ̀dẹ Tó Ti Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Bọ Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Alágbẹ̀dẹ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Ẹ̀rín. Tó bá rẹ́rìn-ín, òrùlé á mì, adìyẹ á sáré wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, adití tó wà ní ìlú kejì á máa béèrè pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń rọ fún àwọn tó ń ta ènìyàn.

Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàgbọ́, kò yé kìlọ̀ fún un.

“Baba Ẹ̀rín, Ọlọ́run tó dá ẹ ló dá àwọn tí wọ́n ń fi irin yìí dè.”

“Káfíńtà, wàhálà ẹ pọ̀! Ṣé èmi ni mo mú wọn ni? Irin ni mò ń tà ní tèmi. Ó sì ti mọ́ wọn lára. Irin mi yìí tuni lẹ́sẹ̀ ju bàtà ọba lọ!”

“Ó dáa, wọ̀ ọ́ ká rí i.”

Baba Ẹ̀rín bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ẹsẹ̀ bọ irin, ó fi òòlù kan ìṣó ojú rẹ̀ pa, ó so ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mọ́ òpó, ó bá ń jó. “Ọkọ ìyàwó rèé o!”

Ijó ò tíì tán tí igbe fi sọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n sáré, ti já sí kòtò omi tí bàbá rẹ̀ fi ń rẹ irin gbígbóná.

“Bàámi! Bàámi o!”

Alágbẹ̀dẹ fò. Ẹ̀wọ̀n fà á padà, ó fojú gbálẹ̀. Ó tún fò. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, irin ò gbà. Ó ti rọ ọ́ dáadáa jù. Káfíńtà ti sáré lọ, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ò rí nǹkan kan níbi tó wà. Igbe nìkan ló ń gbọ́. Igbe náà sì dákẹ́.

Káfíńtà gbé ọmọ wọlé, omi ń kán lára rẹ̀ tótótó. Ọmọ náà wúkọ́. Ó wà láàyè.

Baba Ẹ̀rín gbá a mọ́ra. “Káfíńtà, àwọn bàbá tí wọ́n fi irin mi yìí dè ńkọ́? Ta ló sáré lọ gbé ọmọ tiwọn?”

Káfíńtà kúnlẹ̀ tì í.

“Jésù,” ni alágbẹ̀dẹ ń wí, omijé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iná àgbẹ̀dẹ, “ọ̀dájú ni mí. Ṣàánú mi.” Ẹni tó kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀ kò lé e.

Nígbà tí Káfíńtà gé irin kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kó gbogbo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó kù sínú iná.

Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ta ènìyàn dé. “Àwọn irin mi dà?”

“Ọkọ́ ni mo fi wọ́n rọ. Tó o bá fẹ́ lọ roko, jókòó ká dúnàádúrà.”

Ṣùgbọ́n àwọn irin tó ti wà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, kò rí wọn gbà padà. Títí dòní, tó bá gbọ́ tí ọmọdé ké, oorun á dá lójú rẹ̀.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, o lè ní o ò ta ènìyàn rí. Ṣé o kì í gbè sẹ́yìn ẹni tó ń tà wọ́n? Ọmọ ọlọ́mọ tí o tì mọ́lé, tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, láìrí ìyá rẹ̀, ṣé ìwọ náà ń sọ pé ó ti mọ́ ọn lára? Ọlọ́run ń gbọ́ igbe tí o di etí sí. Jésù ṣe tán láti dárí jì ọ́ lónìí. Ta ló fi ọ̀la dá ẹ lójú? Dìde báyìí. Kí o tó kúnlẹ̀ gbàdúrà, kọ́kọ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ yẹn.