Ìbéèrè Kẹrin: Ọ̀rọ̀ Tí Kò Yé Àwọn Ọmọ Sefrou

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2019, òjò wínníwínní ń rọ̀ sí ìlú Sefrou ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, òtútù sì ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Lalla Zhour àti ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí yàrá nọ́ọ̀sì ní ilé-ẹ̀kọ́. Ara Lalla Zhour kò balẹ̀. Ó ti di oṣù kejì tí Ibtissam, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í jẹun kánú, tí kì í sì í sùn dáadáa.

"Ojú burúkú ló bá ọmọ yìí," ni ìyá àgbà, Mma Fadma, wí. "Mo ní kẹ́ ẹ fi tùràrí fín in, ẹ ní tàtijọ́ ni mò ń sọ."

"Ìyá, èyí tẹ́ ẹ fín lánàá, ológbò nìkan ló lé jáde," ni Lalla Zhour fèsì.

Nọ́ọ̀sì Ghizlane rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé ìbéèrè kan sórí tábìlì. Ìwé náà wà fún mímọ ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Lárúbáwá ni. Kí wọ́n tó gbà á lò, wọ́n ń dán an wò. Ọmọ á dáhùn rẹ̀. Dókítà ọpọlọ tí kò rí ìdáhùn náà á bá ọmọ kan náà sọ̀rọ̀. Wọ́n á wá fi èsì méjèèjì wéra.

"Ìwé tí Ibtissam dáhùn ní kò sóhun tó ṣe é," ni nọ́ọ̀sì wí. "Dókítà ní ó wà."

Lalla Zhour sún mọ́ tábìlì. "Ọmọ mi wá purọ́ nìyẹn?"

"Rárá o, Lalla. Ìwé la fura sí."

Ó pe Ibtissam wọlé, ó ka ìbéèrè kẹrin fún un: "Ṣé *kalak* máa ń mú ọ?"

"Rárá, Nọ́ọ̀sì."

"Kí ni wọ́n ń pè ní *kalak*, ọmọ mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Kéèyàn máa bínú, kó máa fajú ro sóbìí."

"Kí ló tún lè jẹ́?" ni Mma Fadma já lu ọ̀rọ̀. "Ṣé mo ti ń ya òpè ni?"

"Ẹ jàre, Mma. Nínú èdè ìwé, àníyàn ni. Nínú èdè ilé wa, ìbínú ni. Mọ́kànlélógún nínú ọgbọ̀n ọmọ tá a bi ló gbọ́ ọ bíi tiyín." Ó yíjú sí Ibtissam. "Bí ìbẹ̀rù bá wà nínú ẹ, báwo lo ṣe máa ń sọ ọ́?"

"Mà á ní ọkàn mi há."

"Ṣé ó há?"

Ọmọ náà gbójú sókè. "Lójoojúmọ́. Àtìgbà tí Bàbá ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Sípéènì. Tí fóònù bá ti dún, mo máa rò pé wọ́n fẹ́ túfọ̀ rẹ̀ ni."

"Háà! Ṣebí mò ń bi ẹ́?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Bóyá mo ní *kalak* lẹ máa ń bi mí, Yemma. Èmi ò bínú sí yín."

Omi bọ́ lójú Lalla Zhour. Ó ti rò pé àwọn oníwèé wọ̀nyí kàn ń kó orúkọ jọ ni. Àṣé odidi ìgbà òtútù ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ òun lè fi sọ tinú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kọ orúkọ Ibtissam sílẹ̀ fún ìtọ́jú.

Ẹ̀yin òbí, bí oúnjẹ, oorun tàbí ìṣesí ọmọ bá yí padà fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ elétò ìlera. Ìwé ìbéèrè nìkan kò lè sọ àìsàn. Ẹni tó yẹ kí dókítà bá jókòó ló ń tọ́ka sí. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọmọ, ẹ jẹ́ kó béèrè, ẹ má sì bá a dáhùn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi "ọkàn há" rọ́pò *kalak* nínú ìwé náà ni Nọ́ọ̀sì Ghizlane, Lalla Zhour, Ibtissam tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, àti Mma Fadma, ẹni tó ní kí wọ́n ka ìbéèrè kẹrin náà fún òun pẹ̀lú.