Agbẹ̀bí Tí Wọ́n Pè Ní 'Ó'

Ohun tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ rí lára obìnrin náà ni bírò pupa tó fi há etí bíi káfíńtà. Ohun tó rí tẹ̀lé e ni ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó wà níwájú obìnrin náà lórí tábìlì, tí àmì pupa sì bo gbogbo ojú ewé bí ara ọmọ tí èéyi mú.

Ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé ń pariwo lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò gbé ojú sókè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó sì máa ṣọ́ àṣìṣe bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Òǹkọ̀wé wa kò bá ti àṣìṣe wá ní tirẹ̀. Ìyìn ló wá gbà. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú de ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni mo ni ìwé yẹn."

"Mo mọ̀. Fọ́tò yín wà lẹ́yìn rẹ̀." Ó wo fọ́tò, ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀. "Ẹ ga jù báyìí lọ nínú fọ́tò."

Òǹkọ̀wé gbé ìyẹn mì. "Àṣìṣe mélòó lẹ rí?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé díẹ̀. Ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn. 'Ó.'"

"Ó kí ni?"

"'Ó wọlé. Ó jókòó. Ó tiro kọjá lórí afárá.' Agbẹ̀bí inú ìwé yín ni mò ń wí. Ẹ yí orúkọ wọn padà, ẹ fi ẹsẹ̀ tó ń tiro sílẹ̀. Ẹ fi àpò aláwọ̀ ewé sílẹ̀. Ẹ fi ọdún tí odò kún sílẹ̀, tí wọ́n gbẹ̀bí obìnrin mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Ìyá bàbá mi ni. Bàbá mi ti pé àádọ́rin ọdún, kò pè wọ́n ní 'ó' rí. Ẹ̀yin wá jẹ́ ta ni?"

Ó yẹ kí òǹkọ̀wé bínú, ó sì bínú díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣí ìwé náà wò, ó rí ibi tí agbẹ̀bí ti ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ọmọ kan kú. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, láàárín gbogbo pupa, obìnrin náà ti kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé: Ibí yìí dùn mí.

Àwọn ènìyàn ńlá ti yin òǹkọ̀wé yìí rí, lórí pèpéle, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára tó ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní àríyànjiyàn lòun bá wá.

"Ẹni inú ìwé kì í ṣe ẹni òde," ló wí. "Mo gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo gba àpò. Ọkàn tí mo fi sí i, tèmi ni."

"Bí olè bá kó wọ ilé onílé, tó wá ní òun lòun ra kọ́kọ́rọ́, ṣé ilé ti di tiẹ̀ nìyẹn?"

"Ṣé ẹ ń pè mí lólè ni?"

"Rárá o, ọ̀gá onígègé. Tíì yín ń tutù."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ lójoojúmọ́, 'ẹ' níhìn-ín, 'ẹ' lọ́hùn-ún, bí aṣojú ìjọba méjì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ẹ̀rín ti ń ṣáájú àríyànjiyàn wọlé. Oyún kì í ṣe ohun tá a ń fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ náà kò yàtọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ti mọ̀ kí àwọn méjèèjì tó mọ̀.

"Ẹ wá rí bàbá mi," ni obìnrin náà wí níkẹyìn. "Àmọ́ ẹ múra. Wọ́n ti gbọ́ nípa 'ó' yẹn."

Aago ni bàbá ń tún ṣe. Aago wà lára ògiri, ó wà lórí àga, kò sì sí méjì tó fohùn ṣọ̀kan nínú wọn. Bàbá jókòó sáàárín wọn. Ó wo àlejò náà, tàbí ká sọ pé wọ́n wo àlejò náà, kí ọ̀rọ̀ má bàa kan àwa náà.

"Ìwọ lo pe ìyá mi ní 'ó' lójú gbogbo ayé," ni bàbá wí. "O tún fẹ́ máa pè mí ní bàbá. Títí 'ó' yẹn á fi kúrò nínú ìwé rẹ, ọmọ mi kò ní kúrò nílé yìí lọ sílé rẹ."

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi nìkan ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní lè ṣe é. Ẹ má bínú sí mi."

Òǹkọ̀wé lọ sílé, ó fi ìgbéraga sápò, ó yí gbogbo 'ó' agbẹ̀bí padà sí 'wọ́n'. Àbọ̀ rẹ̀ kò ṣe é wí. Níbi tí agbẹ̀bí ti lọ gbẹ̀bí fún ìyàwó olórí ilé ìwé, tí òun náà jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ni: Wọ́n wọlé bá wọn. Wọ́n di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní kí wọ́n rọra. Yàrá tó gba ènìyàn méjì tẹ́lẹ̀ wá di ibùdókọ̀.

Ó gbé e lọ fún bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bàbá fi awò sójú, wọ́n kà á sókè. Ní ìlà kẹta wọ́n dúró.

"Ta ló ń rọbí níbí? Ta ló ń gbẹ̀bí?"

Ọmọ wọn yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Gbé ti àkọ́kọ́ wá," ni bàbá wí.

Wọ́n kà á sínú, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Aago kan lu mẹ́ta. Òmíràn lu mẹ́ta nígbà tó tó àkókò tirẹ̀. Òǹkọ̀wé, tó ti ka ìwé rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan rí, ń ka iye aago ara ògiri níwájú ẹnì kan ṣoṣo. Lójijì bàbá gbá ìwé náà.

"Irọ́ rèé! Ìyá mi kì í súfèé. Wọn ò súfèé rí láyé wọn. Tìẹ yìí ń súfèé lórí afárá, ó ń bú dókítà, kò bẹ̀rù ẹnì kankan, ó tún wá lọ sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ yẹn kú, ó gbé omi lé iná kí ariwo híhó rẹ̀ bo ẹkún òun mọ́lẹ̀..."

"Bàbá," ni ọmọ wọn wí jẹ́jẹ́. "Ẹ pè é ní 'ó'."

Bàbá gbé ìwé náà sílẹ̀. Wọ́n yọ awò, wọ́n nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Mi ò rí i kí ìyá mi sunkún rí. Mo rò pé wọn ò lómi lójú ni." Wọ́n kọjú sí òǹkọ̀wé. "Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

Irọ́ tó dáa wà lẹ́nu òǹkọ̀wé: àwọn àgbà tó bá sọ̀rọ̀, àwọn ìwé àtijọ́ tó yẹ̀ wò. Ó gbé e mì.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Mi ò mọ̀. Ó kàn ṣe mí bíi pé ó yẹ kí ẹnì kan sunkún."

Bàbá mi orí títí. "Nígbà náà, obìnrin méjì ni wọ́n. Ti inú ìwé, ìwọ lo bí i. Máa pè é ní 'ó'. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún mi ní ojú ewé kan níwájú, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi wà láyé rí, pé wọn kì í súfèé, àti pé 'wọ́n' là ń pè wọ́n."

"Mo gbọ́, sà. Ọmọ yín ńkọ́, sà?"

"Ọmọ mi kì í ṣe ìwé. Bi í léèrè."

Lọ́jọ́ kẹta, òǹkọ̀wé gbé ojú ewé náà wá sílé ìtẹ̀wé kí obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ìlà mẹ́rin péré ni, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ìlà karùn-ún wà nísàlẹ̀ pátápátá: Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?

Obìnrin náà kà á, ó tún un kà. Ó yọ bírò létí.

"Àṣìṣe kan wà níbí."

Òǹkọ̀wé tẹ̀ síwájú láti wò ó. Obìnrin náà fa ìlà pupa gba orí 'ẹ' yẹn, ó kọ 'o' sókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ohun tó máa ń kọ sí ojú ewé tó bá ti ṣe é tẹ̀: Ó péye.

Ó fara balẹ̀ ya ìlà karùn-ún náà kúrò, ó ká a, ó fi sínú àpò rẹ̀.

"Gbé ìyókù lọ fún wọn nídìí ẹ̀rọ," ló wí. "Èyí kì í ṣe ti òǹkàwé. Kó o sì tètè padà. Tíì rẹ ń tutù."