Òkú Ẹja tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi Yọ Dànù

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Sùlè, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jíṣẹ́ tó yẹ kó ti jẹ́ lánàá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn.

"Kẹ́mi, má bínú o. Wọ́n sọmọ lórúkọ ní Ìjànikin lánàá, wọn ò jẹ́ kí n tètè kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá Adéníjì ní kí n sọ fún ẹ pé ẹja tó bá kú nínú abọ́ yẹn, o ò gbọdọ̀ yọ ọ́, o ò sì gbọdọ̀ fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Wọ́n ní òkú ẹja yẹn gan-an ni obìnrin tí ìjọba rán ń bọ̀ wá kà, torí òun ló máa fi hàn bóyá omi yẹn ní májèlé."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Wọ́n ti wá kà á lánàá," ó ní.

"Ó ti parí náà nìyẹn." Sùlè rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ṣì ku díẹ̀ nínú ẹja ọ̀hún? Ìyàwó mi lè fi se ọbẹ̀."

"Ẹ má jẹ ẹ́, Bùọ̀dá Sùlè."

Sùlè wò ó, ó gbé èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún 1992 ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ni, ní Okokomaiko, ìjọba sì ti tì í pa fún oṣù mélòó kan nítorí omi ìdọ̀tí tó ń tú jáde. Kí wọ́n tó lè ṣí páìpù tó ń gbé omi náà lọ sínú odò lẹ́yìn Ìbà, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Kí wọ́n sì tó rí ìwé àṣẹ gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹja dán omi náà wò. Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, tó kàwé nípa omi, ni wọ́n pè wá fún un. Ó bu omi ìdọ̀tí sínú abọ́ kan, ó bu omi kànga sínú èkejì, ó kó ẹja kéékèèké sínú méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, bí èyí tó kú nínú omi ìdọ̀tí bá tó ìdajì, kò sí ìwé àṣẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ara Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì gbóná, ó ń gbọ̀n. Kí wọ́n tó gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Àjàngbàdì, gbogbo ohun tó rí sọ fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò ju pé, "Bá mi tọ́jú ẹja yẹn dáadáa."

Ó sì tọ́jú wọn bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹja àrọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń tà láàyè lẹ́bàá títì ní Ọ̀jọ́. Láti kékeré ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ń bá a jókòó ti bàsíà, tó ń ka ìwé ìtàn tó yá lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, tí ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà nínú omi. Ẹja tó bá kú, kíá ni wọ́n ń yọ ọ́, kó má ba omi jẹ́ mọ́ àwọn yòókù lára. Wọn á mú ààyè látinú àgbá fi dí àyè rẹ̀, kí oníbàárà má bàa rí òkú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í bi orí léèrè kó tó ṣe é. Láràárọ̀ ló ń yọ òkú inú omi ìdọ̀tí, tó ń dà á sẹ́yìn ọgbà, tó sì ń fi ààyè látinú àwọn tó ṣẹ́kù nínú àgbá rọ́pò. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀ pé ẹyọ kan pàápàá kò kú nínú omi kànga. Ó rò pé bóyá ibi tí wọ́n gbé abọ́ yẹn sí ló tutù jù.

Nígbà tí Ìyáàfin Àrínọlá tí ìjọba rán dé ní Ọjọ́rú, gbogbo ẹja ló ń lúwẹ̀ẹ́.

"Ìwọ lo tọ́jú wọn?" ó bi í.

"Èmi ni, mà."

"O káre."

Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣí páìpù.

Lẹ́yìn tí Sùlè lọ, Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó ń dúró kí nǹkan dùn ún. Nǹkan kan kò dùn ún. Inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù. Ó dìde, ó lọ bá Kọ́láwọlé, àbúrò ìyá rẹ̀, tó jẹ́ fọ́ọ̀mánù níbẹ̀. Òun ló bá a wá iṣẹ́ náà nígbà tí kò yege nínú Ìṣirò. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́.

Kọ́láwọlé rọra ti ilẹ̀kùn. "Ta lo tún sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Sùlè ńkọ́?"

"Wọn ò mọ ìtumọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́."

"Sùlè wo? Èyí tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. O ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi ẹ́ ní ìbéèrè, o dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá tún ti ibí pa, èmi àti ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Ṣé o rántí bí mo ṣe jókòó sílé lọ́jọ́sí, tí àwọn ọmọ mi ń wo ẹnu mi? Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o di òṣìṣẹ́ gidi níbí. Ìdánwò tó o fẹ́ tún ṣe, a máa bá ẹ sanwó ẹ̀. Dákẹ́, kó o máa lọ sílé."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá ẹlòmíràn.

Kò lọ sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí odò ẹ̀yìn Ìbà. Àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan wà níbẹ̀, wọ́n ń gún igi mọ́lẹ̀ létí omi. Bọ́sẹ̀, tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, wà láàárín wọn, ó ká sùtánà rẹ̀ dé orúnkún.

"Òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ṣì ń dá wa mọ̀?"

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ibi tá a máa dúró wẹ̀ là ń sàmì sí. Wòlíì ní kí àwa tá a fẹ́ ṣe ìdánwò wá wẹ̀ nínú omi tó ń ṣàn. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà máa bọ̀ jàre, ṣebí Ìṣirò ló gbé ẹ ṣubú."

"Wíwẹ̀ nìkan ni?"

"A máa gbé e lọ sílé fún mímu. Màmá mi ti ra kẹ́ẹ̀gì." Bọ́sẹ̀ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó. "Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí? Àbí wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́?"

"Wọn ò tíì lé mi."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi wo omi náà. Ó mọ́ débi pé ó ń rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó rí àwọn òkú ẹja lójú inú, bí ikùn wọn ṣe kọjú sókè, bí ẹnu wọn ṣe là sílẹ̀. Síbẹ̀ omijé kò wá. Ohun kan ṣoṣo ló yé e, ó sì yé e dáadáa: ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láìmọ̀, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Sùlè ti jíṣẹ́, ó ti mọ̀. Bó bá dákẹ́ di Ọjọ́ Ajé, kì í ṣe àṣìṣe mọ́, irọ́ ni, Bọ́sẹ̀ ló sì máa mu ún.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó dé ilé Kọ́láwọlé ní Ọ̀jọ́. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ọmọ rẹ̀ kékeré wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó gbé ọmọ náà sílẹ̀.

"Mo ní kó o dákẹ́."

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ mi á bá ọ̀rọ̀ yìí lọ?"

"Mo mọ̀. Tèmi náà á bá a lọ." Ó kúnlẹ̀. "Bùọ̀dá Kọ́láwọlé, láàárọ̀ ọ̀la mo máa lọ bá Ìyáàfin Àrínọlá. Mo máa sọ fún wọn pé àwọn ẹja yẹn kú, pé èmi ni mo yọ wọ́n tí mo fi ààyè rọ́pò, kí wọ́n wá tún omi náà dán wò kí wọ́n tó ṣí páìpù. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ níta. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wá sọ fún yín."